Ìrora Lọ, Ẹ̀rù Dé

Ìròyìn ọ̀sán ni mo fẹ́ kà lọ́jọ́ náà. Ilé iṣẹ́ rédíò tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wà ní Ring Road. Yàrá tí a ti ń ka ìròyìn kéré, ẹ̀rọ amúlétutù inú rẹ̀ sì máa ń fẹ́ bí ẹni pé ó ń bá ènìyàn jà. Orin ìròyìn ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀gbẹ́ni tó máa ń jókòó lẹ́yìn gíláàsì ti na ìka sókè pé kí n múra, ni atẹ́gùn bá gbé ìwé tó kẹ́yìn lórí tábìlì, ó jù ú sábẹ́ àga mi. Mo bẹ̀rẹ̀ mú un. Kò sí nǹkan mìíràn tí mo ṣe. N kò gbé ẹrù, n kò ṣubú, ẹnikẹ́ni kò tì mí. Mo bẹ̀rẹ̀ mú ìwé, nǹkan kan sì já ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn mi bí okùn tó já sí kànga. Iná gba ìdí mi lápá òsì, ó gba ẹ̀yìn itan, ó gba ẹ̀gbẹ́ ojúgun, ó lọ dúró sí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi.

Ọ̀gbẹ́ni náà sọ ìka sílẹ̀. Ó di dandan kí n sọ̀rọ̀.

Mo ka ìròyìn náà tán. Mo kí àwọn olùgbọ́, mo ka ti ìjọba, mo ka ti àwọn àgbẹ̀ tí ẹran jẹ oko wọn, mo ka ti bọ́ọ̀lù. Ọwọ́ kan di ìwé mú, èkejì di etí tábìlì mú, òógùn sì ń ṣàn lẹ́yìn mi nínú òtútù yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo dákẹ́ níbi tí kò yẹ kí n ti dákẹ́, nígbà tí mo gbìyànjú láti sún ìdí lórí àga. Nígbà tí iná pupa òkè ilẹ̀kùn kú, mo fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ mi kò gbà. Ọ̀gbẹ́ni ẹ̀yìn gíláàsì rò pé fóònù ni mo jókòó tì.

Fóònù náà dún lóòótọ́. Ìyá mi ni. Ojoo ni wọ́n ń gbé, kò sì sí ìròyìn tí mo kà rí tí wọn kò gbọ́, àfi tí kò bá sí iná tí bátìrì rédíò wọn sì ti kú.

"Kí ló ṣe ọ́?" Wọn kò tilẹ̀ kí mi.

"Màámi, kò sí nǹkan kan."

"O mí bí aboyún tó ń rọbí. Níbi tí o ti ń sọ ti àwọn àgbẹ̀ yẹn. Kí ló ṣe ọ́?"

Mo ní ẹ̀yìn ló ń dùn mí díẹ̀. Mo gbọ́ tí wọ́n pa rédíò wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ṣé ẹ̀yìn nìkan ni, àbí ó dé ẹsẹ̀?"

Mo ní ẹ̀yìn nìkan ni. Irọ́ ni mo pa, mo sì mọ ìdí tí mo fi pa á. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn ìyá mi, nítorí òun náà ló wà lọ́kàn mi.

Awakọ̀ típà ni bàbá mi. Yanrìn àti òkúta ni wọ́n máa ń rù. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo wà nígbà tí wọ́n jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí wọ́n fẹ́ sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n sì wó lulẹ̀. Wọn kò fi ẹsẹ̀ ara wọn dúró mọ́ títí wọ́n fi jáde láyé. Gbogbo àdúgbò ló ní wọ́n tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ ni, pé ẹnìkan ló fi ẹ̀gbà dè wọ́n lọ́nà. Èmi ni mo máa ń gbé oúnjẹ wọlé fún wọn. Mo máa ń wo ẹsẹ̀ méjèèjì lórí ẹní, tó tín-ín-rín, tó ń dán, tí eṣinṣin bà lé tí wọn kò sì mọ̀. Láti ìgbà náà, bí ẹsẹ̀ mi bá kú tìpìrì nínú ṣọ́ọ̀ṣì nítorí pé mo jókòó pẹ́, ohun tí àwọn ẹlòmíràn fi ń rẹ́rìn-ín, ọkàn tèmi á máa lù kìkì títí ẹsẹ̀ náà á fi jí.

Ọkọ mi mọ̀ pé bàbá mi rọ lẹ́sẹ̀ kí wọ́n tó kú. Kò mọ̀ pé láti kékeré ni mo ti ń retí tèmi.

Òun ló wá gbé mi lọ́jọ́ náà. Ó ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Ìwó Road, ó sì tì í kó tó wá. Ẹ̀yìn mọ́tò ni mo dùbúlẹ̀ sí. Láti Ring Road títí dé ilé wa ní Bódìjà, kò sí kòtò kan tí kò kí mi. Bí táyà bá ti bọ́ sí ọ̀kan, màá ké, ọkọ mi á sì ní "Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́," bí ẹni pé òun ló gbẹ́ kòtò náà.

Bí ìyà náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìrora wo ni èyí tí ènìyàn kò lè fi ọwọ́ kàn? Bí mo bá tẹ itan mi, itan kò dùn mí. Bí mo bá tẹ ojúgun, kò dùn mí. Síbẹ̀, inú ẹsẹ̀ náà ń jó láti òkè dé ilẹ̀ bí wáyà tí iná ń gbà kọjá. N kò lè jókòó. N kò lè bẹ̀rẹ̀ wẹ ojú. Bí ikọ́ bá fẹ́ wú mi, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ohun tí màá dì mú. Orí ìdúró ni mo ti ń jẹun, tí mo gbé ìgbọ̀nwọ́ lé orí fíríìjì bí ọ̀mùtí.

Gbogbo ẹni tó wá kí mi ló mọ orúkọ rẹ̀. Làkúrègbé ni. Obìnrin tó ń gbé òkè ilé wa ní làkúrègbé ni, ó gbé òrí tí wọ́n fi ata ilẹ̀ pò wá. Oníkẹ́míìsì tó wà nígun àdúgbò ní làkúrègbé ni, ó gún mi ní abẹ́rẹ́. Ìyá ìjọ wa, nítorí aláṣọ funfun ni wá, kò pè é ní nǹkan kan. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n fi omi ìyàsímímọ́ wẹ ẹsẹ̀ mi, nígbà tí wọ́n sì fẹ́ lọ, wọ́n rọra bi mí lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ṣé o rántí ibi tí o gbé ẹsẹ̀ sí ní ọ̀sẹ̀ yẹn?" Wọn kò ní èrò burúkú. Ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ náà ni mo fi ń ro ibi tí mo gbé ẹsẹ̀ sí: ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́, gọ́tà tí mo fò kọjá ní Agbowó, omi kan tó ṣàn lẹ́bàá géètì wa tí n kò mọ ẹni tó dà á.

Nígbà tó yá, ẹnìkan níbi iṣẹ́ sọ fún ọkọ mi nípa bàbá kan ní Agbowó tó máa ń to eegun. A lọ. Bàbá náà ní eegun ẹ̀yìn mi ti yẹ̀, òun á dá a padà sí àyè rẹ̀. Ó ní kí n da ojú bolẹ̀, ó fi òróró wọ́ mi lẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ gbóná, ó sì tù mí lára títí oorun fẹ́ gbé mi lọ. Lẹ́yìn náà ló gbé orúnkún lé ìbàdí mi, ó sì tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀.

N kò mọ irú igbe tí mo ké. Ọkọ mi tó wà níta fò wọlé. Láti ọjọ́ kejì, n kò lè nàró mọ́, ẹ̀gbẹ́ kan ni mo wọ́ sí bí igi ìbẹ́pẹ tí ìjì ti tì. Ọ̀gá ìròyìn wa ní kí n má wá sí iṣẹ́ títí ara mi á fi yá, ẹlòmíràn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìròyìn ọ̀sán. Ìyá mi gbọ́ ohùn onítọ̀hún, wọ́n sì pè mí. Mo ní mo gba ìsinmi ni. Wọ́n ní, "Ó dáa." Irú "ó dáa" tó ń já ènìyàn láyà.

Ọsibítù ló kàn. Dókítà tó rí mi ní kí n dùbúlẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ mi òsì sókè ní nínà, kò sì tíì gbé e jìnnà kí n tó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó rọra sọ ọ́ kalẹ̀.

"Kì í ṣe làkúrègbé, mà," ló wí. "Láàrin eegun ẹ̀yìn kan àti èkejì, nǹkan rírọ̀ kan wà níbẹ̀ bíi tìmùtìmù. Ọ̀kan nínú tiyín ló yọrí síta, ó ń tẹ iṣan. Iṣan yẹn ló gùn jù nínú ara. Ẹ̀yìn ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì rìn dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ẹ̀yìn ló ń ṣe yín, ẹsẹ̀ ló ń ké."

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu mi. "Ṣé màá rọ?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń ṣe báyìí ló máa ń sàn láìjẹ́ pé a là wọ́n. Ó máa ń gba àkókò ni." Ó kọ oògùn fún mi, ó ní kí n máa wá sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi eré ìdárayá wo àìsàn. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe fẹ́ jáde, ó pè mí padà. Ó ní bí mo bá rí i pé n kò lè tọ̀ mọ́, tàbí pé ìtọ̀ ń dà lára mi láìmọ̀, tàbí pé ibi tí mo fi ń jókòó kú tí n kò mọ ìfọwọ́kàn níbẹ̀, tàbí pé ẹsẹ̀ mi ń sọ agbára nù, kí n má ṣe dúró di ọjọ́ kejì.

Nínú gbogbo ohun tí dókítà náà sọ, ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ yìí nìkan ni mo gbé délé.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ara mi. Bí mo bá wọ balùwẹ̀, màá ti ilẹ̀kùn, màá já ara mi ní èékánná nídìí àti nítan láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń dùn mí. Màá mu omi, màá sì dúró kí n mọ̀ bóyá ìtọ̀ á gbọn mí. Bí ó bá pẹ́ kó tó gbọn mí, ẹ̀rù á bà mí. Bí ó bá yá jù, ẹ̀rù á bà mí. Ọkọ mi á kan ilẹ̀kùn: "Ìyá Ìbejì, kí lo ń ṣe níbẹ̀ látàárọ̀?" Màá ní mo ń fọ eyín.

Ẹni tí wọ́n fi mí lé lọ́wọ́ ní ọsibítù jẹ́ obìnrin kan tó gún régé, tí kì í pariwo, tí kì í sì í kánjú. Ó kọ́ mi bí màá ṣe dìde lórí bẹ́ẹ̀dì: kí n kọ́kọ́ yí sí ẹ̀gbẹ́, kí n ju ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ pọ̀, kí n fi ọwọ́ ti ara mi sókè. Ó ní kí n máa fi ìrọ̀rí sáàrin orúnkún bí mo bá fẹ́ sùn. Ó ní kí n máa da ojú bolẹ̀, kí n fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì gbé àyà sókè bí ọmọ tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rákò, kí n sì máa rìn díẹ̀díẹ̀ ládùúgbò dípò kí n máa dùbúlẹ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́.

"Bí ìrora bá kúrò ní ẹsẹ̀ tó padà sí ẹ̀yìn, ẹ dúpẹ́," ló sọ. "Ilé rẹ̀ ló ń lọ yẹn."

Mo ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ara mi ń nàró díẹ̀díẹ̀. Ìrora kò lọ sílé rẹ̀ rárá.

Àfi bí mo ṣe jí láàárọ̀ Sátidé kan tí n kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Mo dùbúlẹ̀ sójú kan, mo ń retí rẹ̀. Mo yí sọ́tùn-ún. Mo yí sósì. Mo jókòó ṣánṣán létí bẹ́ẹ̀dì. Ọkọ mi wọlé pẹ̀lú ife tíì, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"O jókòó!"

"Kò dùn mí."

"Kò dùn ọ́ báwo?"

"Kò dùn mí rárá, Bàbá Ìbejì."

Ó gbé ife sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó láàrin yàrá, ọkùnrin tí kì í jó lóde. Ó pe àwọn ọmọ wa tó wà nílé ìwé gíga lẹ́yìn odi Ìbàdàn: "Mọ́mì yín ti gbádùn o!" Ó pe ìyá ìjọ. Ó pe ìyá mi pàápàá, tí n kò tíì sọ fún pé ó dé ẹsẹ̀ rí. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sunkún ayọ̀ lórí fóònù, mo sì wá mọ̀ pé wọ́n ti mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Inú mi dùn, tàbí kí n ní mo fẹ́ kí inú mi dùn. Ohun tí mo fẹ́ ṣe jù lọ́jọ́ náà ni kí n fúnra mi lọ ra ata lọ́jà Bódìjà. Ọkọ mi ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, mo sì bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọjà láìdi ẹnikẹ́ni mú. Òjò ti rọ̀ lóru, ilẹ̀ sì rin ṣìnkìn. Àwọn alábàárù ń pariwo "Ẹ yà o, ẹ yà o!" lẹ́yìn mi, mo sì ń yà fún wọn, ayọ̀ ń pa mí pé mo lè yà. Mo ra ata rodo, mo ra tàtàṣé, mo kọjá síwájú lọ wo tòmátì.

"Ìyá oníbùbá ewé! Ẹ jọ̀ọ́, bàtà yín rèé o!"

N kò mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń pè. Obìnrin tí mo ra ata lọ́wọ́ rẹ̀ ló sáré tẹ̀lé mi, tó di bàtà mi kan mú. Mo wo ilẹ̀. Ẹsẹ̀ mi òsì wà láìsí bàtà nínú omi ẹrẹ̀ dúdú. Mo ti fi rìn kọjá ìsọ̀ mélòó kan, n kò mọ̀ pé bàtà ti bọ́, n kò mọ̀ pé omi tutù, n kò mọ̀ pé mo ń tẹ òkúta.

"Ẹ ò mọ̀ pé ó bọ́ ni?" Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ojú mi, ó gbé ẹ̀rín náà mì, ó fà mí lápá lọ sí ìsọ̀ rẹ̀, ó sì da agbọ̀n kan dé fún mi láti jókòó lé.

Mo na ẹsẹ̀ síwájú. Mo ní kí àtàǹpàkò rẹ̀ dìde. Ti ọ̀tún dìde kíá. Ti òsì dùbúlẹ̀ síbẹ̀ bí ohun tí wọ́n gbàgbé sọ́jà. Mo tún sọ fún un. Mo fi gbogbo agbára orí mi sọ fún un. Mo rí ẹsẹ̀ bàbá mi lórí ẹní.

Mo pe ọkọ mi lórí fóònù, ó sì dé pẹ̀lú òógùn lójú. Ó tì mí wọ mọ́tò, ó sì ń gbìyànjú láti fi mí lọ́kàn balẹ̀. "Bóyá ẹsẹ̀ kàn ń sinmi ni. Ṣebí kò dùn ọ́ mọ́? Ohun tí kò dùn ènìyàn..."

"Kò dun bàbá mi náà!"

Igbe ni mo fi sọ ọ́. N kò lè dá ẹnu mi dúró mọ́. Mo sọ ti eṣinṣin. Mo sọ ti ẹní. Mo sọ ti balùwẹ̀ àti èékánná, mo ní kì í ṣe eyín ni mo ń fọ̀ níbẹ̀, mo ní láti ọjọ́ tí mo ti ní làákàyè ni mo ti mọ̀ pé ẹsẹ̀ ni yóò pa mí. Àwọn mọ́tò ẹ̀yìn ń fun fèrè, wọ́n ń bú wa. Ọkọ mi kò dá wọn lóhùn. Ó wò mí títí mo fi sọ tán.

"Ìwọ nìkan lo ń gbé gbogbo èyí kiri?" ló bi mí.

Lẹ́yìn náà ló yí mọ́tò padà, a kò sì gba ọ̀nà ilé.

Ní ọsibítù, dókítà ní kí n di ojú, ó fi orí abẹ́rẹ́ kan ẹsẹ̀ mi káàkiri, ó ń bi mí pé, "Ẹ mọ eléyìí? Eléyìí ńkọ́?" Àwọn ibi kan wà tí n kò mọ ìgbà tó kàn mí. Ó bi mí nípa ìtọ̀, ó tún bi mí, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ dáa. Wọ́n ní kí n lọ ya àwòrán inú ẹ̀yìn.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yà á dà bí ihò, inú rẹ̀ ni wọ́n tì mí sí ní gbalaja. Ó ń ké bí ẹni tó ń fi òòlù lu páànù létí mi. Wọ́n ti kìlọ̀ pé n kò gbọ́dọ̀ mira. Kí n má baà ké, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìròyìn nínú ọkàn mi. Mo kí àwọn olùgbọ́. Mo ka ti ìjọba. Nígbà tí ìròyìn tán, mo ka ti ojú ọjọ́, mo ní òjò yóò rọ̀ ní Ọ̀yọ́, oòrùn yóò ràn ní Ògbómọ̀ṣọ́, títí wọ́n fi fà mí jáde.

Oníṣẹ́ abẹ tó wo àwòrán náà jẹ́ àgbàlagbà. Kò fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún wa. Ó ní tìmùtìmù náà ti yọ síta ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí iṣan fi ń kú. Ìrora tó lọ kì í ṣe ìwòsàn. Iṣan tó ń ké tẹ́lẹ̀ ló ti rẹ̀. Ó ní ọ̀nà méjì ló wà: kí wọ́n là mí, tàbí kí a dúró fún ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀, kí n máa ṣe eré ìdárayá, kí wọ́n sì máa yẹ ẹsẹ̀ náà wò lemọ́lemọ́. Bí agbára rẹ̀ bá tún dín kù, a kò ní bá ara wa jiyàn mọ́, wọ́n á là á. Bí kò bá dín kù, ara lè fúnra rẹ̀ fa tìmùtìmù náà wọlé.

"Bí ẹ bá jẹ́ ọmọ yín ni èmi ńkọ́?" ọkọ mi bi í, ọ̀rọ̀ sì dàrú mọ́ ọn lẹ́nu. Ó fẹ́ sọ pé bí mo bá jẹ́ ọmọ wọn.

Bàbá náà gbọ́ ọ yé. "Màá dúró díẹ̀," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n màá máa wò ó bí ẹni ń wo mílíìkì lórí iná."

A dúró. Mi ò gbàdúrà fún ẹnikẹ́ni kó ní irú ìdúró bẹ́ẹ̀. Wọ́n fún mi ní nǹkan ike kan tí mò ń fi há inú bàtà kí iwájú ẹsẹ̀ má baà máa wọ́lẹ̀. Bí mo bá ń rìn, ẹsẹ̀ òsì a máa lulẹ̀ pẹẹ, bí ẹni ń gbá ilẹ̀ létí.

Ìyá mi kó aṣọ wọn sínú báàgì, wọ́n wọkọ̀ láti Ojoo wá sí ọ̀dọ̀ wa. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n dé, wọ́n jókòó ti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbé ẹsẹ̀ mi lé itan, wọ́n ń fi àdí àgbọn pa á. Wọn kò wo ojú mi nígbà tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà.

"Bàbá rẹ ò tẹ nǹkan kan mọ́lẹ̀."

Mo gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí.

"Ẹ̀yìn típà ni wọ́n ti já bọ́. Wọ́n gun orí òkúta lọ tú tapólì, wọ́n sì já bọ́, wọ́n fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Wọ́n ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni kí ọ̀gá wọn má baà gba ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ wa ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn ń kú, wọ́n ń wa ọkọ̀. Ìtọ̀ ń dà lára wọn, mò ń fọ ṣòkòtò wọn, wọ́n ń wa ọkọ̀. Àárọ̀ tí wọ́n ṣubú tí ìwọ rí yẹn, ó ti pẹ́ tó ti bẹ̀rẹ̀."

"Ta ló wá ní wọ́n tẹ nǹkan mọ́lẹ̀?"

"Èmi ni." Ọwọ́ wọn kò dúró lẹ́sẹ̀ mi. "Nígbà tí àwọn ènìyàn dé, wọ́n ń bi mí pé kí ló dé tí n kò tètè gbé wọn lọ ọsibítù. Ọmọdé ni mí nígbà náà. Mo ní ayé ló ṣe é. Wọ́n yéé bi mí."

Mo fẹ́ bínú. Mo rò ó pé gbogbo ọdún tí mo fi ń bẹ̀rù ilẹ̀ tí mo ń tẹ̀, ọ̀rọ̀ tí obìnrin kan fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀ ni mo ń bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n orí wọn tó funfun ló wà níwájú mi, tó tẹ̀ sórí ẹsẹ̀ mi. Mo ní, "Màámi, ẹ ṣeun tí ẹ sọ fún mi." Wọ́n ní kí n na ẹsẹ̀ kejì wá, bí ẹsẹ̀ kejì kò tilẹ̀ ṣe nǹkan kan.

Kì í ṣe pé ẹ̀rù náà fò lọ. Ó kàn yí orúkọ padà. Tẹ́lẹ̀, mò ń bẹ̀rù ohun tí n kò lè rí. Ní báyìí, mò ń bẹ̀rù ohun tí mo lè lọ fi han dókítà. Èyí sàn fún mi. Èmi kì í ṣe awakọ̀ tó ń fi ṣòkòtò tútù pa mọ́. Ojoojúmọ́ ni mo ń gbé ẹsẹ̀ mi síta fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó.

Obìnrin tó ń fún mi ní eré ìdárayá máa ń ní kí n jókòó, kí n fi gìgísẹ̀ lélẹ̀, kí n wo àtàǹpàkò, kí n sì pàṣẹ fún un. Ìtìjú ni fún mi ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ènìyàn jókòó máa bá ọmọ ìka sọ̀rọ̀. Kò ní dìde. Obìnrin náà á ní, "Ẹ tún sọ fún un, mà." Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí ọkàn mi tilẹ̀ ti lọ sí ibòmíràn, ó fò pírí. Nǹkan kékeré bí ìgbà tí ẹyẹ bá ṣẹ́jú.

"Ẹ rí i?" mo bi í.

"Mo rí i." Obìnrin tí kì í pariwo yẹn pariwo, ó pe ẹnìkejì rẹ̀ nínú yàrá kejì pé kó wá wò ó. Àtàǹpàkò náà kọ̀, kò dìde mọ́ lọ́jọ́ náà. Àwọn méjèèjì sì dúró tì mí síbẹ̀, wọ́n tẹ orí mọ́ ẹsẹ̀ mi bí àwọn tó ń dúró de ẹyin tó fẹ́ pa.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó dìde lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni ìrora padà wá, ìrora fẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni ń fi abẹ́rẹ́ gún àtẹ́lẹsẹ̀ mi, mo sì fi omijé kí i káàbọ̀. Dókítà ní iṣan ló ń jí. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ kò wáyé mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ oṣù ló kọjá kí oníṣẹ́ abẹ àgbàlagbà náà tó dẹ́kun sísọ pé "a ṣì ń wò ó."

Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Orí ìdúró ni mo ti ń ka ìròyìn báyìí. Wọ́n kan tábìlì gíga kan fún mi, àwọn tí kì í ṣe aláìsàn náà sì ti ń jà sí i. Ẹsẹ̀ òsì kò tíì bá ọ̀tún dọ́gba. Bí ó bá ti rẹ̀ mí, tí mo ń gun àtẹ̀gùn, iwájú rẹ̀ a máa fẹ́ kọ́ etí àtẹ̀gùn. N kì í wọ bàtà gíga mọ́. Bí mo bá jí láàárọ̀, kí n tó sọ̀rọ̀, mo máa ń kọ́kọ́ pàṣẹ fún àwọn ọmọ ìka mi lábẹ́ aṣọ ìbora. Ọkọ mi mọ ohun tí mò ń ṣe. Kò ní sọ nǹkan kan títí màá fi ṣe tán.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, èmi àti ọkọ mi rìn lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó kó wá sí òpópónà kejì. Bí a ṣe ń padà bọ̀, mo fi ẹsẹ̀ kọ gbòǹgbò igi kan, mo ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ síwájú. Ọkọ mi na ọwọ́, kò tíì kàn mí tí mo ti nàró. Àwa méjèèjì dúró lójú ọ̀nà, a ń wo ẹsẹ̀ mi méjèèjì.

"Èwo ló kọ gbòǹgbò?" ló bi mí.

Mo rò ó. "Ọ̀tún ni."

Ó mí kanlẹ̀. A rẹ́rìn-ín díẹ̀, kì í ṣe púpọ̀, a sì ń bá ọ̀nà wa lọ.